Àpò Ìhá Lára Ògiri Ambrose

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó dìde, torí ibi tó ti dùn jù ni ewu rẹ̀ wà.

Ní ọdún 1971, télọ̀ kan wà ní Igbótako tó ń jẹ́ Ambrose. Òun ni olórí akọrin ìjọ Aládùúrà wọn. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ náà, Ìyá Salome, ní orin méje tí Ẹ̀mí fún un. Ohùn rẹ̀ a máa mú ọmọ tó ń sunkún dákẹ́. Ẹ̀rù ń ba Ambrose pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Ìdí nìyí tó fi ra rẹ́kọ́dà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sínú téèpù.

Ó gbé e sí pálọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ilé sìmẹ́ǹtì tuntun ni. Tó bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ògiri á dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Orin tó bá gbà níbẹ̀, á dún bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

Eunice ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Lérè, ẹ jẹ́ ká fi ẹní àti aṣọ nínípọn bo ògiri. Ohun tó bá rọ̀ ló ń gbé ohùn mì.”

“Ẹní? Lára ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Ṣé ahéré lo pè é ni?”

Ọkùnrin yìí bá lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó kó ìhá, pàǹtí ẹyìn tí wọ́n ti fún tán. Ó sá a lóòrùn. Ó rán àpò aṣọ funfun, ó dì í sínú wọn, ó sì kọ́ wọn yí ògiri ká, títí dé gbogbo igun. Ẹ ò bá rí i bó ṣe rẹwà! Ó pàtẹ́wọ́, ògiri dákẹ́. Kí n má parọ́, ó gbọ́n níbẹ̀.

Eunice ní, “Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìhá la fi ń dáná o. Ẹ jọ̀ọ́, kí iná má wọ yàrá yìí.”

“Ìyá Lérè, ẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù.”

Ní Sátidé, Ìyá Salome dé pẹ̀lú sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán. Ambrose ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa kí ariwo lọ́rì má baà wọlé. Ìyá wò yíká.

“Ambrose, ọma mi, àbẹ́là dà? Mi ò kọrin Ẹ̀mí rí láìtan àbẹ́là.”

Eunice yára ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká tàn án sí àgbàlá. Ọlọ́run á rí i níbẹ̀.”

Ìyá ti ń mi orí pé ó dára. Ọkùnrin yìí ni kò gbà!

“Àbẹ́là kan ṣoṣo? Ẹ tàn án síbí, Ìyá. Ilé mi nìyí.”

Orin kìíní dùn bí oyin, ìkejì náà dùn. Nínú ìkẹta, Ìyá dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Apá sùtánà rẹ̀ gbá àbẹ́là, àbẹ́là náà sì ṣubú lu àpò kan. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ògiri ti gbaná.

“Uná o! Uná!” Ìyá ló ké bẹ́ẹ̀. Eunice wọ́ ọ jáde nínú èéfín. Ẹnikẹ́ni ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Rẹ́kọ́dà, téèpù àti pálọ̀ jóná tán.

Ara Ìyá yá, ṣùgbọ́n èéfín ti ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Ohùn ńlá yẹn di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ambrose dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. “Ìyá, mo ba ohùn yín jẹ́.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Dìde. Orin ò jó nínú uná.”

Ó fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà kọ́ Eunice ní orin méjèèje. Ní ọdún kejì, wọ́n yá ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n fi ẹní bo ògiri, wọ́n sì tan àbẹ́là sí àgbàlá. Eunice kọrin, ó mọ́ kedere. Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ, inú wọn dùn. Inú Ambrose náà dùn. Nígbà tí téèpù parí, Ìyá ní, “Ó dára. Ó dára gan-an.” Ambrose ní láti gbé etí lé e lẹ́nu kó tó gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Iṣẹ́ ọwọ́ yín lè dára, kí agídí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì bà á jẹ́. Tí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní “ẹ má ṣe é,” ẹ dúró. Ẹ ka èyí sí ẹlòmíràn létí. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.