Etí-Ò-Purọ́ àti Ẹ̀rọ Inú Àyà Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dúró lágbedeméjì. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí kó parí. Ẹni tó bá ń lo oògùn lójoojúmọ́ ni mò ń bá wí.

1. Ọkùnrin kan wà tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe. Kó tó tú ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ fi etí lé e, á sọ ohun tó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Wọ́n wá ń pè é ní Etí-Ò-Purọ́. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà fi ẹ̀rọ kékeré sí i láyà, tó ń bá ọkàn fa ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹ̀rọ náà, pé kó má fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ṣeré láyé. Ìyàwó rẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri. Bó bá ti gbé oògùn fún un láàárọ̀, á fa ìlà sí ọjọ́ náà.

2. Irin ha á lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, oògùn náà ò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀gá náà ti ń jò bí ẹ̀rọ tó ń tún ṣe. Ó dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà, kò lo oògùn mọ́, inú agolo gíríìsì ló ń jù ú sí níkọ̀kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fa ìlà lọ ní tiẹ̀. Ó rán an létí pé ó ti pẹ́ tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

“Ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun,” ọkọ fèsì. “Fi etí lé mi láyà. Ṣé ohùn rẹ̀ yí padà?”

Obìnrin náà fi etí lé e. Kò yí padà lóòótọ́.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìtọ̀ ọkọ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, kò sì lè mí délẹ̀. Nílé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹ̀rọ. Ìyàwó yọ kàlẹ́ńdà nínú báàgì, ó ní ọkọ òun ò pa ọjọ́ kan jẹ.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ wọn ò sọ bẹ́ẹ̀,” ni dókítà wí.

Ọkọ wolẹ̀. “Mo ń dà á nù ni, ìyàwó mi. Má bínú.”

Ara rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́. Oògùn líle kan ló kù, tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ. Wọ́n fà á sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀rọ yọ́. Ìyàwó ti ń dúpẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó di orí mú, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ti ya nínú ọpọlọ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní ọkùnrin náà ti lọ, ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pé kí ìyàwó jẹ́ káwọn pa ẹ̀rọ náà. Ó fi etí lé àyà ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn ẹ̀rọ náà dára, ó ń lọ geere. Ó sunkún títí, kó tó gbà fún wọn.

Ẹ gbọ́ o. Bí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, dókítà ni kẹ́ ẹ sọ fún, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ má sì parọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí yín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀: gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.