Ẹ Má Sáré Lọ Bá A

Yábàá, lọ́dún 1971. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti jà á.

Sájẹ́ǹtì Oyèwọlé ń kọ́ àwọn sójà tó máa lọ hú u.

"Bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má sáré lọ bá a. Ẹ máa fi irin tọ́ ilẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Bó bá ń pè wá ńkọ́, sà?"

"Ẹ jẹ́ kó máa pè. Ẹni tó bá sáré, òkú á di méjì."

Wọ́n jáde lọ jẹun. Sájẹ́ǹtì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ẹlẹ́kọ ẹnu géètì bárékè.

Ìyá ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó fún gbogbo wọn lẹ́kọ, ó fo Sájẹ́ǹtì.

"Màmá, kí ni ọ̀gá wa ṣe fún yín?"

"Èmi ni mo bí i. Èmi náà ni mo bí àbúrò rẹ̀ tó pè é títí tó fi kú."