Ta Ló Ya Ẹyẹ Inú Abọ́?

Ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran, ayàwòrán kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Àlejò. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti di ọ̀gá, àwọn mìíràn ti fẹ̀yìn tì, òun ṣì ni Àlejò. Àwọ̀ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, èdè wọn kò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bó ṣe yẹ. Ìyẹn ti tó. Láràárọ̀ ni adènà máa ń ní kó mú káàdì rẹ̀ wá. Bó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, tó dá a padà, adènà kan náà á wá bi í pé, "Ìyàwó ńkọ́?"

Ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ sí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù. Àlejò kò bá wọn jà. Ó ní ariwo omi kì í jẹ́ kí ọkàn òun pa pọ̀, pé ilé lòun á ti máa yàwòrán, wọ́n sì gbà fún un. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyàwó rẹ̀ á ká àwọn bébà àwòrán náà, á fi okùn dì wọ́n, á gbé wọn lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ náà dára. Òdòdó tó bá wà nínú abọ́ Àlejò máa ń ṣe èèyàn bíi kó já a. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi í bó ṣe ń po àwọ̀ aró tó máa ń lò.

Àlejò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àṣírí ìdílé wa ni."

Ẹyẹ kan nínú àwòrán abọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó na ìyẹ́ yí ẹnu abọ́ ká, ó sì yí ọrùn padà bíi pé ẹnì kan pè é lẹ́yìn. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn rí bébà rẹ̀ lórí tábìlì Àlejò, ó mú un.

"Ó dáa díẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin èèyàn yìí ò kúkú mọ àwọ̀ ọ́ lò. Fi sílẹ̀, màá tún un ṣe."

Ó tún un ṣe lóòótọ́: ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí abọ́ náà fi gba ẹ̀bùn, tí fọ́tò ọ̀gá sì jáde nínú ìwé ìròyìn, ó gbá abọ́ mọ́yà bí ìyá ọmọ tuntun.

Àlejò gbé ìbínú délé.

"Olè ni!" Ó ń lọ sókè sódò nínú yàrá. "Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú! Kó jókòó gbẹdẹmukẹ, kó máa gba kú iṣẹ́ lórí òógùn ẹlòmíì!"

Ìyàwó rẹ̀ ń fọwọ́ nídìí omi. "Ó burú o."

"Kó má tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é!"

"Ẹ ṣe sùúrù, olówó orí mi. Bóyá kò mọ̀ pé ó ń dun ẹni tó ni ín."

"Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Ṣé òkúta ni?"

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn." Ó fa aṣọ ìnuwọ́. "Ẹ lọ sọ fún ìyá tó ni iléeṣẹ́."

Àlejò dúró. "Kò tíì tó bẹ́ẹ̀."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kó gba kú iṣẹ́."

Ó lọ. Ìyá oníléeṣẹ́, àgbàlagbà tí awò ojú rẹ̀ máa ń wà ní góńgó imú, ránṣẹ́ pe ọ̀gá náà. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, èyí ló ní òun ya ẹyẹ? Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Etí kọ́ ni wọ́n fi ń wo àwòrán," ni Màmá wí. "Ẹjọ́ yìí ò le. Ẹni tó bá yà á tẹ́lẹ̀ á tún un yà lọ́la, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́."

Ojú ọ̀gá ṣú. Àlejò dúpẹ́, ó yára jáde.

Nígbà tó délé, ó sọ ìdájọ́ Màmá, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ nìyí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Òun ni. Ọwọ́ ló ń dùn mí."

"Ọwọ́ wo?"

Ó ronú díẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àga méjì síwájú Màmá. Àwọn òṣìṣẹ́ rọ̀gbà yí wọn ká bí ẹni wá wòran ìjàkadì. Ọ̀gá fa ilà, ó pa á rẹ́, òógùn bò ó. Nígbà tó gbé bébà rẹ̀ sókè, ẹnì kan ní bàtà ni. Ẹlòmíì ní rárá o, bàtà kì í ní ẹnu. Ẹ̀rín pa wọ́n.

Bébà Àlejò ṣì funfun. Ó mú pẹ́ńsù, ó gbé e kalẹ̀, ó wo ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, búrọ́ọ̀ṣì mi wà nílé. Mi ò lè ṣe nǹkan kan láìsí i."

"Lọ mú un wá."

Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá na ìka sí bàtà tí ọ̀gá yà, ọ̀gá sì pa ẹnu dé.

Àlejò bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ òde, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Obìnrin náà kò bi í pé kí ló gbàgbé.

"Ṣé ká máa lọ?" ló wí.

Nígbà tí wọ́n dé iléeṣẹ́, tí Màmá béèrè búrọ́ọ̀ṣì, Àlejò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyàwó rẹ̀ lè kọjá, obìnrin náà sì jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó ya ẹyẹ náà títí ẹnu fi ya gbogbo wọn, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, orúkọ tí ọkọ rẹ̀ kò kọ síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wọ iléeṣẹ́ náà.