Mo Ń Di Ẹrù Ìmísí

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Ọbáfẹ́mi ò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìmísí kàn ní kó gbé òun lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun ni.

Ọbáfẹ́mi ní òun ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìmísí dá wọ Márúwá lọ. Oyún oṣù mẹ́rin bà jẹ́.

Ọbáfẹ́mi wá ń bínú, ó ní ìyàwó òun dójú ti òun lọ́dọ̀ àwọn dókítà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac, òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó.

Èmi ni mo wá tọ́jú Ìmísí. Láàárọ̀ yìí, mo rí i lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń tẹ fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo wọ yàrá, mo ń di ẹrù Ìmísí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó máa yí padà."

"Kò ní yí padà. Wọ bàtà ẹ."

Ọbáfẹ́mi dí ẹnu ọ̀nà. "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ tú ilé mi ká ni?"

"Kúrò níbẹ̀."

Ó kúrò.

A dé Alákijà. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wa gbá Ìmísí mọ́ra, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ìyá ọkọ ọmọ mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú un wá?"

"Èmi ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bẹ bàbá Ọbáfẹ́mi lórí ìkúnlẹ̀, ojú ọmọ mi ló ṣe. Tó bá wá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un."