Òróró Ọjọ́ Sátidé

Bí Àbẹ̀bí bá fẹ́ se òróró, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni pé kó ká sùtánà funfun rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kó dì í sínú ọ̀rá, kó sì gbé e lọ sí yàrá. Ìyá Ìjọ ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bí òórùn igbó bá wọ sùtánà, kò sí lọ́fínńdà tó lè gba èèyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ Sunday.

Ká ní ẹnìkan sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé yóò máa se igbó ní Thamesmead Moorings nílùú òyìnbó yìí, onítọ̀hún ì bá gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ jẹjẹrẹ ló mú Láńre, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Oògùn tí wọ́n ń fún un lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Adrian, òyìnbó ilé kejì tí ẹ̀yìn máa ń dùn, ló sọ fún Àbẹ̀bí pé ewé yẹn ló ń jẹ́ kí òun jẹun kí òun sì sùn. Ó bù ú wá nínú ìwé ìròyìn, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró olífì sè é. Àbẹ̀bí kọ́kọ́ gbàdúrà lé e lórí. Ọlọ́run tó dá ewúro ló dá ìyẹn náà. Ṣíbí kékeré kan lórí ìrẹsì, Láńre sì jẹun tán fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì.

Ní Sátidé yìí, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì ń dín ata kí àdúgbò lè gbọ́ òórùn ata. Ó da ewé sínú òróró, ó gbé abọ́ rẹ̀ sórí omi gbígbóná, ó fa àpótí sún mọ́ sítóòfù, ó jókòó tì í. Òróró tó bá jóná ti bàjẹ́. Ilé náà dákẹ́. Àdáwà ń ṣe é, kò sì sí ibòmíràn tó fẹ́ lọ.

Nígbà tó tutù, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú ìgò kan tí kò ju ìgò oògùn ikọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló se ẹ̀wà, ó dín dòdò, ó sì gbé àwo méjì sórí tábìlì.

Aago méjì ni Moráyọ̀, ìyàwó Láńre, dé láti Woolwich Common. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ọlọ́run kò tíì fún òun àti Láńre lọ́mọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mummy."

"Káàsán, ọmọ mi. Ọkọ ẹ ń kọ́?"

"Ó wà, Mummy. Ó ní kí n kí yín." Bàtà ló ń bọ́, kò gbójú sókè.

"Ohùn ẹ̀ ò tíì padà, ká lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

"Rárá o. Doctor ní kó má force ẹ̀. Wọ́n ṣì ní kò gbọdọ̀ gba visitors, because of infection."

"Olúwa á ṣe é. Jókòó kóo jẹun. O ti rù."

Wọ́n jẹun. Moráyọ̀ sọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú, tó máa ń fi eyín àtọwọ́dá rẹ̀ pamọ́ sínú bàtà, tó sì máa ń pe ọlọ́pàá pé wọ́n ti jí i. Àbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti Sátidé tó kọjá.

Moráyọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mummy, ọ̀rọ̀ òróró yìí. Láńre ní wàhálà yín ti pọ̀ jù. Wọ́n ti fún un ní medicine mìíràn. Ẹ lè sinmi báyìí."

Ọwọ́ Àbẹ̀bí dúró sórí àwo.

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mummy. Police ni mò ń rò. Bí neighbour kan bá lọ report yín ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá mú mi. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àdúgbò yìí ò kúkú jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Moráyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ se èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. One month supply. Kí n wá kó gbogbo ẹ̀."

"Rárá." Ọ̀rọ̀ náà yá jáde lẹ́nu Àbẹ̀bí ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Kì í dáa tó bá pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń sè é."

"Mummy..."

"Má jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́, Moráyọ̀. Wá gbà á ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ẹ̀rù ń bà á, kò sì lè fi pamọ́. Moráyọ̀ gbé ojú kúrò.

"Mo ti gbọ́, Mummy. Mo máa wá."

Àbẹ̀bí fi aṣọ wé ìgò náà, ó tì í sínú báàgì rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mọ́tò fi yà ní kọ́nà.

Nígbà tí Moráyọ̀ délé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè fìríìjì. Ìgò mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ṣí rí. Ó gbé ìkọkànlá tì wọ́n. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti sin Láńre. Uncle Ọlágúnjú, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá: ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, a kì í sì í ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbà. Ó ní kí wọ́n dúró kí ẹbí pé. Ẹbí ò tíì pé. Moráyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, ó sunkún ọkọ rẹ̀, ó sì sunkún ìyá tó ń dáná fún òkú láìmọ̀.

Ohun tí òun àti gbogbo ẹbí ò mọ̀ ni pé ọjọ́ kejì tí Láńre kú gan-an ni Àbẹ̀bí ti pe wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn láti béèrè bóyá ọmọ òun jẹun, tí nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tí kò mọ àṣà wa sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, àmọ́ Àbẹ̀bí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, torí lọ́jọ́ tí Moráyọ̀ bá mọ̀ pé òun ti mọ̀, kí ló tún máa gbé ọmọ ọlọ́mọ wá bá òun jẹun ní Sátidé?