Òfin Tó Ń Rìn Sẹ́yìn

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni Ọnọ́rébù Bámilóyè wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ikúmápàyí ní Ṣómólú, ó ju àbádòfin kan sórí tábìlì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà ló fẹ́. Ó fẹ́ pín in káàkiri Bariga kó tó gbé e lọ sílé aṣòfin l'Ábújà.

Dọlápọ̀, tó ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kà á. Ẹni tó bá ya àwòrán láti fi aṣòfin ṣẹ̀sín, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àti ẹni tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́: ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Òun ló ya pósítà oṣù tó kọjá, níbi tí Ọnọ́rébù ti ń sùn nílé aṣòfin, tí eṣinṣin ń ṣèpàdé lẹ́nu ẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tó dé ṣọ́ọ̀bù yìí.

"Láti oṣù tó kọjá ni kí òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀," ni Ọnọ́rébù wí. "Mo mọ̀ pé Ṣómólú níbí ni wọ́n ti tẹ rádaràda yẹn."

Ikúmápàyí, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala kẹrin, ní ilé aṣòfin ò lè ṣòfin ọ̀daràn kó wá padà sẹ́yìn lọ mú èèyàn."

"Ta ló ń jẹ́ ìwé òfin? Ṣebí àwa là ń ṣòfin!" Ó yíjú sí Dọlápọ̀. "Sún un sí oṣù kìíní."

Dọlápọ̀ sún un.

"Ẹ ṣíjú àánú wò wá, sà. Agbára yín náà ní ààlà."

"Èmi lò ń pààlà fún? Ọdún tó kọjá!"

Ó tún sún un. Ó ń ṣẹ́jú sí ọ̀gá rẹ̀ pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ṣe ni bàbá náà ń kanrí mọ́lẹ̀ bí alángbá.

"Ọnọ́rébù, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ sọ pé láti 2018, ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ di oníbàárà wa o."

"2018 gan-an! Kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bọ́!"

Ikúmápàyí dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Ó ti parí, sà. Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn níbẹ̀: iṣẹ́ kankan kì í dórí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i, èyí tó bá sì fọwọ́ sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ló ń gbé títí ayé. Ọnọ́rébù fọwọ́ sí i, ó fa ìparí ìfọwọ́sí náà sókè bí ìrù àkekèé, ó sì jáde.

"Ọ̀gá, ẹ ti fẹnu yín tì mí sẹ́wọ̀n," ni Dọlápọ̀ wí.

"Pa ẹnu dé, jàre. Ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mú èyí tó wà lókè nínú ti 2018 wá, ká so ó mọ́ ẹrù Ọnọ́rébù."

Pósítà ni Dọlápọ̀ fà yọ, orí ewúrẹ́ lọ́rùn aṣòfin tí Bámilóyè gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹ̀, àti nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí oníbàárà ti ń fọwọ́ sí i, ìrù àkekèé.