Ẹni Tí Ọkọ Mi Pè Wá Jẹun

Ọkọ mi pe ohun tí kò rí wá jẹun nínú igbó, ó sì wá.

Bọ́ọ̀sì tí a tẹ́ ibùsùn sí la fi ń rìnrìn àjò. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, a dúró sùn ní ibùdó arìnrìn-àjò kan nínú igbó ìjọba. Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, à ń jẹ ìrẹsì, ni gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ kan ń tẹ ewé gbígbẹ bọ̀.

"Ẹ wá bá wa jẹun o!" ni ọkọ mi ké.

"Bàbá Mojísọ́lá, ta lẹ ń pè?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ni. Wọ́n á ṣáà ní á gba ibi ire, wọ́n á bá tiwọn lọ."

Abẹ́ bọ́ọ̀sì ni ohùn kan ti dáhùn, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa gan-an. "O pẹ́ kí o tó pè mí."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Abọ́ ọkọ mi ti mọ́ bí èyí tí a fọ̀.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ ò yó ọkọ mi mọ́. Á jẹ ìkòkò kan tán, á máa sunkún ebi. Kí ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kú. Ó ti fúyẹ́ débi pé èmi nìkan ni mo gbé e wọ pósí.